Oògùn BP kì í ṣe owó àjọ: ọ̀rọ̀ sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà

Èmi nọ́ọ̀sì yín náà ni. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ó sì le díẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kàn sáré kọjá lórí rẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bínú sí mi.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, màmá kan jókòó síwájú mi ní kílíníìkì. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ṣúgà ti wà lára wọn fún ọdún mọ́kànlá, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti tẹ̀ lé e. Mo wọn BP wọn, ó jẹ́ 128/78. Inú màmá dùn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ rí i pé mo ń gbọ́ràn?"

Mo béèrè ìgbà tí wọ́n lo oògùn kẹ́yìn. "Láàárọ̀ yìí ni. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń lò ó." Ṣáájú ọjọ́ Ajé ńkọ́? Màmá wo ilẹ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí hóró oògùn kankan ò ti kan ẹnu wọn. "Mo mọ̀ pé ẹ máa wọn mí ni mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà bá mi wí."

Nítorí kí nọ́ọ̀sì má baà bá wọn wí! Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe màmá yìí nìkan. Kò sí ọjọ́ kílíníìkì tí n kì í rí irú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá jà lónìí nìyẹn: oògùn ọjọ́ kílíníìkì. Ẹ lè tan èmi. Ẹ lè tan dókítà. Ẹ lè tan káàdì tí a ń kọ nọ́ńbà sí. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè tan òpó tí ẹ̀jẹ̀ yín ń gbà kọjá, torí òun ò mọ ọjọ́ kílíníìkì. Ojoojúmọ́ ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

*Ẹ JẸ́ KÍ A WO INÚ ÒPÓ Ẹ̀JẸ̀*

Ọkàn yín ń lù nǹkan bí ìgbà 100,000 lóòjọ́. Nígbàkúgbà tó bá lù, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú òpó. Òpó náà á fẹ̀ díẹ̀, á sì tún padà sí bó ṣe wà, bíi rọ́bà tuntun. Inú òpó yìí ní awọ tín-ín-rín kan, ó ń dán bí inú abọ́ tánganran tuntun. Awọ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ló ń sọ fún òpó ẹ̀jẹ̀ pé, "Ó tó, dẹ̀ ẹ́, fẹ̀ sí i kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá."

Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, awọ yìí wà lára ohun tó kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Kò ní dán mọ́. Ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn. Òpó ẹ̀jẹ̀ á gbàgbé bí a ṣe ń dẹ̀, á wá le gan-an, bíi rọ́bà omi tó ti pẹ́ nínú oòrùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kànga ẹ̀rọ nílé, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Tí wọ́n bá ṣàdéédé mú iná dé, tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi pẹ̀lú agbára, rọ́bà tuntun á kàn fẹ̀ ni. Rọ́bà tó ti gan á ya, ibi tó sì tín-ín-rín jù ló máa ń ya. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà àti aládùúgbò yín tí kò ní nìyẹn. BP tiẹ̀ náà lè ga lónìí kó wálẹ̀ lọ́la, àmọ́ rọ́bà tiẹ̀ ṣì ń fẹ̀. Tiyín ti ń gan. Ẹ má fi ara yín wé e.

Níbo wá ni òpó tó tín-ín-rín jù wà nínú ara? Ó wà lẹ́yìn ojú, níbi tí ìríran wà. Ó wà nínú kíndìnrín, níbi tí a ti ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ó wà nínú ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí ṣúgà àti BP jọ ń bá fínra, ojú, kíndìnrín àti ọpọlọ ni a máa ń bẹ̀rù jù fún un. Òpó ńláńlá náà ò sì yọ: ti ọkàn ń bẹ, ti ẹsẹ̀ ń bẹ, níbi tí egbò kékeré ti ń kọ̀ láti jinná.

Kí ẹ má baà gbọ́ mi sódì, gbogbo BP ló ń yí. Ó máa ń wálẹ̀ tí a bá sùn, ó máa ń gòkè lọ́wọ́ àárọ̀. Ìbínú ń gbé e, ìrora ń gbé e, àtẹ̀gùn gígùn ń gbé e. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í tilẹ̀ wálẹ̀ lóru bó ṣe yẹ. Ìyẹn kọ́ ni mo ń bá jà. Èyí tí mo ń bá jà ni èyí tí a ń fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀: oògùn ọjọ́ mẹ́rin, ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oògùn ọjọ́ méjì, ìsinmi oṣù kan. BP á lọ sí 180, á padà sí 130, á tún lọ sí 180, lórí rọ́bà tó ti gan tẹ́lẹ̀.

*ẸRI TÍ Ẹ LÈ DÌ MÚ*

Àwọn kan á ní, "Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ àsọdùn." Ó dáa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní UKPDS. Nínú rẹ̀, wọ́n kó 1,148 ènìyàn tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n sapá gidigidi láti mú BP apá kan wálẹ̀, wọn ò sì le tó bẹ́ẹ̀ lórí apá kejì. Fún ọdún tó lé ní mẹ́jọ, BP apá àkọ́kọ́ wà ní nǹkan bí 144/82, ti apá kejì wà ní 154/87. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà: 10 péré ní nọ́ńbà òkè. Síbẹ̀, nígbà tí èsì jáde lọ́dún 1998, rọpárọsẹ̀ fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní apá àkọ́kọ́. Ikú tó tan mọ́ ìtọ̀ ṣúgà fi ìdá 32 dín kù. Nítorí 10!

Ṣùgbọ́n apá tó gbẹ̀yìn ìtàn náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù. Lẹ́yìn tí ìwádìí parí, wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé àwọn ènìyàn náà. Láàárín ọdún méjì, BP apá méjèèjì ti di bákan náà, ìyàtọ̀ ti pòórá. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde lọ́dún 2008, wọ́n rí i pé èrè tí apá àkọ́kọ́ ti ń jẹ kò dúró. Ó yọ́ dànù. Ní ti ṣúgà, àwọn tó tètè kó o níjàánu ṣì ń jẹ èrè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Ní ti BP, rárá o.

Ìdí tí mo fi sọ pé oògùn BP kì í ṣe owó àjọ nìyẹn. Tí ẹ bá dá àjọ fún oṣù mẹ́fà tí ẹ sì dúró, owó yín ṣì wà lọ́wọ́ alájọ. Tí ẹ bá lo oògùn BP fún oṣù mẹ́fà tí ẹ sì dúró, kò sí ohun tí ẹ rí tọ́jú. Ti òní ni ó ń ṣe lónìí. Ti ọ̀la, ọ̀la lẹ máa tún lò ó.

Lọ́dún 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Rothwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford tún gbé iṣẹ́ jáde nínú ìwé ìṣègùn The Lancet. Wọ́n wo àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti fi ọwọ́ bà fẹ́ẹ́ rí. Wọ́n rí i pé àwọn tí BP wọn ń yí gan-an láti ọjọ́ kílíníìkì kan sí òmíràn ni rọpárọsẹ̀ ń bá jù, kódà tí a bá ṣírò BP wọn pọ̀ tí kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi mọ́ pé, "Nígbà míì ló ń ga, nígbà míì kì í ga." Ohun tí ẹ rò pé ó ń tu yín nínú yẹn, ewu ni.

*ÀWÁWÍ TÍ MO Ń GBỌ́*

"Orí ò fọ́ mi, ara mi yá." Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí BP rẹ̀ wà ní 180 ń jẹ ẹ̀bà, ń ṣe ẹ̀fẹ̀, orí ò fọ́ ọ. Tí ẹ bá ń dúró kí orí fọ́ kí ẹ tó lo oògùn, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kí yín. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

"BP mi ti wálẹ̀, mo ti sàn." Oògùn ló mú un wálẹ̀. Tí ẹ bá di agbòòrùn mú nínú òjò tí ara yín ò tutù, ṣé ẹ máa sọ ọ́ nù pé òjò ti dá? Dókítà lè dín oògùn yín kù tí ẹ bá sanra dín, tí iyọ̀ yín sì dín. Òun ló máa sọ ọ́, kì í ṣe inú dídùn yín.

"Oògùn yẹn ń ba nǹkan ọkùnrin jẹ́." Ẹ̀yin bàbá, mo mọ̀ pé ìdí tí ọ̀pọ̀ yín fi ń da oògùn nù nìyí, ẹ kàn ń tijú ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lójú ara wa. Lóòótọ́, àwọn oògùn BP kan wà tó lè dá kún un. Ṣùgbọ́n òpó ẹ̀jẹ̀ náà ló ń gbé nǹkan ọkùnrin dìde, ṣúgà àti BP tí a ò kó níjàánu sì ń ba òpó yẹn jẹ́. Ẹni tó da oògùn nù nítorí èyí lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó fẹ́ gbà là. Ẹ sọ fún dókítà. Oògùn pọ̀, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú sọ yín di ẹni tí wọ́n ń gbé.

"Àgbo ni mo ń mu, oògùn ara ríro ni mo fi ń tì í." Àgbo tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a ò lè mọ ohun tó máa ṣe fún kíndìnrín yín. Ní ti àwọn oògùn ara ríro tí wọ́n ń pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jìnnà sí i. Diclofenac àti ibuprofen ń gbé BP sókè, wọ́n sì ń dá kíndìnrín lóró, pàápàá ti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Tí dexamethasone tàbí prednisolone bá wà nínú rẹ̀, ṣúgà àti BP ló máa jọ gbé sókè. Ara á fúyẹ́ lónìí, inú á máa jóná.

"Kò sówó." Èyí nìkan ni n kì í pè ní àwáwí. Mo mọ iye tí oògùn ti dà. Mo mọ ìyá tó ń yan láàárín oògùn rẹ̀ àti owó ìwé ọmọ ọmọ rẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́: ẹ má fi ìyẹn pamọ́ fún wa. Ẹni tó ní òun ń lò ó, tí kò lò ó, a ò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní, "Nọ́ọ̀sì, n kò lè ra mẹ́ta yìí," a lè bẹ dókítà kó wo èyí tó wọ́n díẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́. Oògùn kan tí ẹ lè rà lóṣooṣù sàn ju mẹ́ta tí ẹ máa rà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

*IRỌ́ KÉKERÉ, ÌṢUBÚ ŃLÁ*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí irọ́ kékeré yìí máa ń já sí. Bàbá kan wà tí kò lo oògùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wá. BP wọn jẹ́ 190/108. Dókítà béèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn. Bàbá ní, "Lójoojúmọ́, sà." Kí ni kí dókítà ṣe? Ó gbà wọ́n gbọ́, ó rò pé oògùn náà ò lágbára tó, ó fi òmíràn kún un. Bàbá délé, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lóru ọjọ́ kẹrin, wọ́n dìde láti lọ tọ̀, òòyì gbé wọn, wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, ìdí kán. Kò sí ohun tó ṣe oògùn yẹn. Nọ́ńbà tó mú un wá ló jẹ́ irọ́.

Ẹ rántí pé ṣúgà ń ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́ pẹ̀lú, àní àwọn èyí tó ń ṣọ́ BP nígbà tí a bá dìde. Ìdí nìyẹn tí òòyì fi ń kọ àwọn kan tí wọ́n bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí nọ́ńbà òkè bá já wálẹ̀ tó 20 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ dìde dúró, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ má fúnra yín da oògùn nù nítorí rẹ̀. Ẹ sọ ọ́.

*Ẹ̀BI TIWA NÁÀ WÀ NÍBẸ̀*

N kò ní fi gbogbo ẹ̀bi lé yín lórí. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera náà jẹ̀bi. A ń wọn BP ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. A ń wé e lé orí apá aṣọ. A ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. A ń fi èyí tó kéré wọn apá tó tóbi, tí nọ́ńbà á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀pọ̀ wa kì í wọn ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lórí ìdúró rárá. Èyí tó burú jù ni pé a ń pariwo mọ́ èèyàn débi pé ó kọ́ láti purọ́ fún wa. Màmá ọjọ́bọ̀ yẹn ò bẹ̀rù rọpárọsẹ̀, èmi ni wọ́n bẹ̀rù. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ ká yí béèrè wa padà. Ká má sọ pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Ká ní, "Ìgbà mélòó ni ẹ fò ó lọ́sẹ̀ yìí?"

Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní London àti Houston, ẹ ṣeun tí ẹ ń fi ẹ̀rọ BP ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù ò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ẹ pe màmá lórí fídíò, kí ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́n. Ẹ béèrè iye hóró oògùn tó ṣẹ́ kù, kì í ṣe "ṣé ara le?" nìkan.

*OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ ṢE*

1. Ẹ lo oògùn yín lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ kì í gbàgbé, bíi fífọ ẹnu. Tí ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ má lo méjì lọ́jọ́ kejì láti fi dí i.

2. Ẹ wọn BP nílé dáadáa. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Apá ní ìhòòhò, lórí tábìlì, kó wà ní déédéé àyà. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé wá fún wa.

3. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2021 pé kí nọ́ńbà òkè ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gba ìtọ́jú BP wà nísàlẹ̀ 130. Tí ẹ bá ti dàgbà tàbí tí òòyì ń kọ yín, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ tiyín.

4. Iyọ̀ tí ẹ ń jẹ lóòjọ́ ò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìpotíì kan lọ, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀: ti inú ọbẹ̀, ti Maggi, ti búrẹ́dì, ti núdù.

5. Lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú yín, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò bóyá púrótéènì ń jò, kí wọ́n sì yẹ ẹsẹ̀ yín wò.

6. Tí ẹnu bá ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan bá rọ, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara, tí àyà ń dunni, tí èémí ń há tàbí tí ojú ṣàdéédé ṣókùnkùn, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ àgbo sí i lẹ́nu, ẹ má fi oògùn sábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Tí ẹ̀rọ ṣúgà bá wà nítòsí, ẹ wọn ọ́n, torí ṣúgà tó já wálẹ̀ náà lè jọ rọpárọsẹ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dá yín dúró.

Màmá ọjọ́bọ̀ ti ṣèlérí fún mi. Mo ní kí wọ́n má ṣèlérí fún mi rárá. Mo ní kí wọ́n lọ wo ojú ọmọ ọmọ wọn tó ń kàwé fún wọn lálaalẹ́, kí wọ́n bi ara wọn bóyá wọ́n ṣì fẹ́ máa rí i lọ́dún márùn-ún sí i. Wọn ò fèsì. Wọ́n ká káàdì wọn, wọ́n dì í sínú gèlè, wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa mọ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ dìde báyìí, ẹ lọ ka hóró oògùn tó kù nínú páálí yín. Tó bá kù ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ò nílò nọ́ọ̀sì láti bá yín wí.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìdílé, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sálásí. Ìlera lọrọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wa máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò yín.